Ọwọ́ Tó Wà Léjìká Raliat

Ìyàwó Jímọ́ọ̀ dírẹ́bà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Àpòmù. Ní Ìkirè, Ìyá Onídòdò ni. Sàlámọ̀tù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó lè pe orúkọ yẹn mọ́ ọn lórí ti kú tán. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, kò sì sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí kì í jókòó ti agbada rẹ̀ lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tí á máa gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí á máa fi ọwọ́ mọ ọ́n, tí á máa dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kó fi ẹyọ kan lé e, a ní, "Ìyá tó bí ọ ni kó o lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún." Bí òmíràn bá ní ata ti pọ̀ jù, a ní, "Ahọ́n ọmọ ọwọ́ lo gbé wá sí ìdí títì."

Ojú rẹ̀ ò dáa mọ́. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó bá jìnnà a dà bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn èéfín, ohun tó bá sì kéré, kò lè rí i rárá. Etí ló fi ń mọ ìgbà tí dòdò bá jinná nínú epo.

Ọjọ́rú kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Othniel sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú rẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá, kámẹ́rà ńlá kan rọ̀ sí i lọ́rùn. Ó ra dòdò, ó jù ú sẹ́nu ní gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ìdúró.

"Omi tútù wà nínú kúlà yẹn," Sàlámọ̀tù wí. "Títà la ń tà á."

"Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú èèyàn."

"Ṣé èmi ni mo ní kó o kánjú?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ra omi. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó rí bákan, pé Àpòmù ni òun ń lọ, ilé olóògbé Alàájì Àbdùlràhmọ̀n oníkòkó, kí ó júwe ọ̀nà fún òun. Ó yọ fóònù, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán kan lójú rẹ̀, ó nà án sí ìyá náà.

"Ẹ wò ó, ẹ ti rí irú mọ́tò yìí rí?"

Sàlámọ̀tù nu ọwọ́ sára ìró, ó gbé fóònù súnmọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Àwòrán náà tóbi. Ó rí i.

"Ràkúnmí," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ló ń wa á."

Kò sí ẹni tó gbọ́njú ní Àpòmù nígbà náà tí kò mọ Ràkúnmí. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Ìbàdàn ni Alàájì ti rà á, ní ọdún kejì tó ti Mẹ́kà dé. Ọkọ̀ àwọn Faransé ni, orúkọ tí àwọn tó ṣe é sì fún un kò bá ahọ́n ẹnikẹ́ni mu. Kò jọ ọkọ̀ kankan. Iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bí orí ẹja, kò ní irin gàgàrà tí ọkọ̀ yòókù fi ń yín eyín. Wọ́n fi páànù bo táyà ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdajì, àfi bí obìnrin tó jókòó tó fa ìró bo orúnkún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú èèyàn sáré jáde wò ó ni pé, bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á máa lọ sílẹ̀, á máa lọ sílẹ̀, títí ikùn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá wá ṣáná sí i, ìdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dìde, orí á tẹ̀ lé e. Alàájì ní bí ràkúnmí ṣe ń dìde pẹ̀lú ẹrù gan-an nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọkọ̀ lórí. Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì awakọ̀. Bí èèyàn bá fà á wálẹ̀, Ràkúnmí á kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Irin yẹn ló pa ọmọ Sàlámọ̀tù.

Raliat ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, òun nìkan ni Sàlámọ̀tù bí. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn Iléyá ni. Jímọ́ọ̀ fi ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sílẹ̀ láìpa á, ó wọlé lọ gbé báàgì Alàájì. Bàtà Raliat kan bọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì rá wọ abẹ́ rẹ̀ láti lọ mú un. Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n fún dírẹ́bà ní yàrá méjì. Ó gbójú sókè, ó rí orí ẹnì kan lẹ́yìn sítíárìn. Gàrúbà ni, àrẹ̀mọ Alàájì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó máa ń jókòó síbẹ̀ ṣe bíi dírẹ́bà. Ó rí i tí èjìká rẹ̀ tẹ̀ sí apá òsì. Ràkúnmí kúnlẹ̀. Raliat ò pariwo. Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ni Gàrúbà, ariwo rẹ̀ sì ni pé, "Kì í ṣe èmi."

Alàájì ní àmúwá Ọlọ́run ni. Jímọ́ọ̀ sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun gbàgbé, pé òun ò fi irin náà síbi tó yẹ. Nígbà tí Sàlámọ̀tù sọ ohun tó rí fún un, ó ní, "Ojú ẹ ló ṣì. Ilé Alàájì la ti ń jẹun." Ọdún mẹ́wàá gbáko ló tún fi wa ọkọ̀ náà. Gbogbo àárọ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń fi aṣọ nu abẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é fún ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún un. Wọn ò jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Aṣọ ọmọ, bàtà ọmọ, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn ará Wásinmi kí ó tó jí lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ Raliat létí rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ kó gbàgbé, ó sì gbàgbé lóòótọ́. Kò gbàgbé ọmọ, ojú ọmọ ló gbàgbé. Ọdún kẹwàá, ó ń wá imú rẹ̀, kò rí i. Ogún ọdún, ó ń wá ẹnu, kò rí i. Nígbà tó di arúgbó, bó bá di ojú pé kó rí ọmọ rẹ̀, aṣọ òfìfo ló ń rí tó ń rìn bọ̀.

Ọdún tó kọjá ni Jímọ́ọ̀ kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Sàlámọ̀tù ń tú àpótí onípáànù rẹ̀, ó bá fọ́tò kan láàárín ìwé láísẹ́nsì. Fọ́tò Iléyá ọdún yẹn ni. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó rí Ràkúnmí torí pé ó tóbi, ó rí ọkùnrin kan tó wọ funfun, ó mọ̀ pé Jímọ́ọ̀ ni. Níwájú iná ọkọ̀, nǹkan kékeré kan dúró. Orí rẹ̀ ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bó ti wù kó yí i sí oòrùn tó, kò rí i. Ọkùnrin tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan fún àádọ́ta ọdún ti ń rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá wù ú, kò sì sọ.

Kò fi fọ́tò náà han ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ rí ọmọ òun, kó wá máa júwe rẹ̀ fún òun. Onífọ́tò kan ní ọjà Ìkirè nìkan ló gbé e lọ fún, onítọ̀hún ní ó ti gbó, ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́, ojú fọ́tò ti ń ṣí kúrò lára ìwé, kámẹ́rà òun ò sì lè fa ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dá fóònù padà fún Othniel.

"Ohun tó wà lọ́rùn ẹ yìí, ṣé ó lè ya nǹkan kékeré kó di ńlá?"

"Ìyá, ó lè ya ẹsẹ̀ eṣinṣin."

"Èmi ò wá ẹsẹ̀ eṣinṣin. Fọ́tò kan wà nílé mi."

"Ẹ mú un wá bá mi ní Àpòmù lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Oòrùn á ti rọ̀ nígbà yẹn. Màá ya á fún yín, á tóbi bí ilẹ̀kùn."

Sàlámọ̀tù pa iná ìdí agbada kó tó di ọ̀sán. Àwọn tó ń bẹ nítòsí rò pé ara rẹ̀ ò yá.

Nígbà tí ọ̀kadà já a sílẹ̀ ní Àpòmù, ojúde Alàájì ti kún. Wọ́n ti gbé Ràkúnmí jáde láti abẹ́ páànù tó wà fún ọdún púpọ̀. Boaz mẹkáníìkì, tí Gàrúbà mú wá láti Ìbàdàn, ti tún un ṣe, wọ́n sì ti fi òróró pa á lára títí ó fi ń tàn. Gàrúbà ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó jókòó sórí àga ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà nínú léèsì. Ó fẹ́ tà á fún olówó kan ní Èkó tó máa ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, fọ́tò tí Othniel wá yà ni olówó náà fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Àwọn àgbà ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára.

"Òun ló gbé mi lọ sílé ọkọ," obìnrin kan wí. "Mo jókòó sẹ́yìn, mo rò pé orí tìmùtìmù ni mo wà. N ò mọ̀ pé a ti dé Ìkòyí tiwa níbí."

"Ìgbà tí kòkó jẹ́ kòkó nìyẹn."

"Kí ẹ máa wí. Òórùn inú ẹ̀ nìkan, màá jẹ ẹ̀bà sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú ẹnì kan nínú wọn. Ó ní òun rántí gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí òun gbàgbé nínú ayé ìgbà yẹn. Sàlámọ̀tù jókòó sórí pákó lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọ́ wọn. Wọ́n rántí àwọ̀ àga. Wọ́n rántí fèrè ọkọ̀.

"Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárìn ẹ̀," Gàrúbà ń sọ fún Othniel. "Àwọn fúnra wọn ló ń wa á, láti ọjọ́ kìíní títí wọ́n fi kú. Ẹ bá mi kọ ìyẹn sábẹ́ fọ́tò."

Sàlámọ̀tù wúkọ́. Gàrúbà yíjú, ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ni mò ń wò yìí? Ìyàwó Jímọ́ọ̀. Ẹ káàbọ̀, Ìyá Onídòdò. Dòdò lẹ gbé wá fún wa?"

"Ẹ kú ilé, Ọ̀gá Kékeré," Sàlámọ̀tù wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Ó ju Gàrúbà lọ ní ọdún mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ó bá a nílé nígbà tó wọ agbo ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọ tí ìyàwó bá sì bá nílé, bó ti wù kí ó kéré tó, ìyàwó ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ "ìwọ" sí i. Ọ̀gá Kékeré ni Sàlámọ̀tù pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀gá Kékeré ló pè é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Raliat kúrò nílẹ̀. Gàrúbà náà kì í sọ "ìwọ" sí i. "Ẹ" ni lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, bí ẹni ń fi kànìnkànìn onírun rírọ̀ bó ènìyàn lára.

"Mo gbọ́ pé ọjà ń yá," ó ní. "Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà lẹ fi ń ṣe é."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Òun la fi ń ṣe é," Sàlámọ̀tù dáhùn. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹrà, ó ṣì wúlò. Àwọn mìíràn jẹrà, ẹ ò lè dín wọn."

Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gàrúbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Boaz ṣáná sí ọkọ̀.

Ìdí Ràkúnmí dìde, orí rẹ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo ojúde hó yèè. Othniel ń sáré kiri, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń gun àga, kámẹ́rà rẹ̀ ń dún ṣákáṣáká. Ẹnì kan ní kí ó kúnlẹ̀ kí àwọn rí i. Boaz fa irin. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ó tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n mú kí ó kúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni Sàlámọ̀tù gbọ́ èémí tí ọkọ̀ náà máa ń mí jáde bó bá ń lọ sílẹ̀. Kò dìde kúrò níbẹ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ ló wá gbà.

Nígbà tí Othniel sinmi díẹ̀, tí ọkọ̀ wà lókè, ó lọ bá a. Ó tú ọ̀rá tó fi dì í, ó yọ fọ́tò jáde. Kámẹ́rà méjì ló wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà.

"Bàbá, ẹ bá mi di èyí mú díẹ̀," ó wí fún Gàrúbà, ó sì gbé fọ́tò lé e lọ́wọ́ kí Sàlámọ̀tù tó lè sọ̀rọ̀.

Gàrúbà fi awò ojú sójú. Ó wò ó. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọrùn, ó ní, "Háà, Jímọ́ọ̀ rèé. Àbí ìwọ kọ́ lò ń yọjú ní etí ọ̀tún yìí, Gàrúbà?" Òun ni. Etí fọ́tò ti gé e dànù dé ìdajì, ó dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin kékeré kan, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká ọmọ náà. Sàlámọ̀tù ò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn náà ti kéré jù fún ojú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ká fi fọ́tò yìí ṣe, Ìyá?" Gàrúbà bi í.

"Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ya á."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n ya á."

"Ẹ̀n."

"Ṣé ẹ rò ó dáadáa? Ó ti gbó o."

"Bó ṣe gbó yẹn náà."

"Ẹ sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́, kó má di ọ̀rọ̀ sí mi lọ́rùn."

"Ẹ bá mi ya á," Sàlámọ̀tù wí.

Gàrúbà ya á. Ó ya á sí méjì, ó kó méjèèjì pọ̀, ó tún ya á.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa. À ń ya fọ́tò, à ń ya aṣọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún níwájú onífọ́tò tí kò ní mọ èyí tí wọ́n ń wí. Gàrúbà náà mọ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ká ya á," ó ní, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan gbá itan, ó ní, "Gàrúbà ò ní pa èèyàn." Othniel náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó wo ojú ìyá arúgbó náà ni ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ègé mẹ́ta ló já bọ́ sílẹ̀. Sàlámọ̀tù kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀. Othniel bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà wọ́n, ó ń sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Èyí ni ojú ọ̀run. Èyí ni ìdí ọkọ̀. Èyí ni Bàbá tó wọ funfun.

"Ó ku ọ̀kan," Sàlámọ̀tù wí.

"Èwo?" Gàrúbà bèèrè.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, Ìyá. Ojú yín ni." Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò.

Sàlámọ̀tù dìde. Ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ náà títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ìró sókè, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ Ràkúnmí títí dé itan. Ọkọ̀ ń mì lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Màmá, abẹ́ẹ̀gì, ẹ yọ ẹsẹ̀," Boaz wí láti inú ọkọ̀. "Bí mo bá pa á, á wálẹ̀."

"Má pa á. Jáde níbẹ̀. Jẹ́ kí Gàrúbà wọlé."

Ẹ̀rín ti tán. Kò sí ẹni tó gbọ́ tí Sàlámọ̀tù pe orúkọ yẹn rí.

"Gàrúbà, wá. Irin tó wà lẹ́sẹ̀ òsì. O mọ̀ ọ́n. O mọ̀ ọ́n nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Wá fà á."

"Ìyàwó Jímọ́ọ̀," ọkùnrin àgbà kan bẹ̀rẹ̀, "ó ti pẹ́. Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ẹ jẹ́ kó fà á. Èyí náà á jẹ́ àmúwá Ọlọ́run. Bí kò bá ní fà á, kó fún mi lọ́mọ mi tó wà nínú àpò rẹ̀."

Gàrúbà ní orí ìyá náà ti dàrú, pé ìbànújẹ́ ti ń ṣe é látijọ́. Kò sẹ́ni tó gbè é. Wọ́n ń wo àpò rẹ̀. Obìnrin tó ní Ràkúnmí gbé òun lọ sílé ọkọ ti bo ojú. Òógùn bo Gàrúbà níwájú orí. Ó pẹ́ kí ó tó yọ ọwọ́ jáde. Ègé fọ́tò náà wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti rún, ó ti tutù. Othniel fi ìka méjì yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló bá a wá. Èyí tó wà lójú ìwé, ibi tí orí ọmọ náà wà, ti lẹ̀ mọ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́ Gàrúbà.

Gàrúbà wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nù ún sára ṣòkòtò, bí èèyàn ṣe ń nu ìdọ̀tí.

Títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn ní Àpòmù bóyá ó mọ ohun tó ń nù.

"Ṣé ojú ẹ̀ wà níbẹ̀?" Sàlámọ̀tù bèèrè láti ilẹ̀.

Othniel yí ègé náà sí oòrùn.

"Mo ní ṣé ojú ẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Aṣọ ẹ̀ wà níbẹ̀, Ìyá."

Sàlámọ̀tù yọ ẹsẹ̀. Boaz ló gbé e dìde. Kò sunkún, kò gégùn-ún. Ó ní kí Othniel ya ohun tó kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Othniel gbé fọ́tò náà wá sí ìdí agbada, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò lè wo ojú ìyá náà, ó ní òun ń sáré. Sàlámọ̀tù fún un ní dòdò, ó gba owó rẹ̀.

Ó wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́. Ó tóbi, ó sì rí i. Ó rí ẹwù ọmọ rẹ̀, ó rí ìṣẹ́po etí ẹwù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó rí ọrùn díẹ̀. Lókè ọrùn, ó funfun báláú. Léjìká ọmọ náà, ọwọ́ kan wà tó hàn kedere ju gbogbo rẹ̀ lọ, èékánná rẹ̀ ń dán, ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́ sínú bí ìwọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìdínláàádọ́ta, ohun tí ojú rẹ̀ rí dáadáa nìyẹn.

Ó gbé e kọ́ sókè agbada, síbi tí ẹni tó bá ń ra dòdò ò ní lè má rí i. Gbogbo wọn ló ń bèèrè. "Ìyá, ọwọ́ ta nìyẹn?" A sọ fún wọn. Kì í gbé ohùn sókè, kì í fi nǹkan kan kún un. A dárúkọ Gàrúbà ọmọ Àbdùlràhmọ̀n ní Àpòmù, a dárúkọ ohun tí ọwọ́ náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, a wá bi wọ́n pé èló ni kí òun dì. Àwọn awakọ̀ gbé e dé Ifẹ̀, wọ́n gbé e dé Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ ra Ràkúnmí ní òun ò fẹ́ mọ́. Gàrúbà rán ẹni mẹ́ta sí i, pẹ̀lú ìmáàmù kan. Sàlámọ̀tù dì dòdò fún wọn.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé sọ̀ kalẹ̀, tó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Kamilah ni, àbígbẹ̀yìn Gàrúbà, nọ́ọ̀sì ni ní Ìbàdàn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Èló ni kí n dì?"

"N ò wá ra dòdò, mà. Ọmọ Alàájì Gàrúbà ni mí."

"Iwájú orí ẹ ti sọ fún mi."

"Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ dákun, ẹ bá wa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá mi ò jáde mọ́. Wọn ò lọ kírun pẹ̀lú àwọn èèyàn. Oúnjẹ ò wọlé sí wọn lẹ́nu."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n búra fún mi pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe tàwọn, pé onífọ́tò yẹn ló fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Mo sì gbà wọ́n gbọ́, Ìyá. Bàbá mi ò lè ṣe irú ẹ̀."

Sàlámọ̀tù gbé ṣíbí kalẹ̀. "Dìde," ó ní. "Gbé ọwọ́ ẹ wá. Ọ̀tún."

Kamilah na ọwọ́. Ìyá náà fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo dì í mú, ó fà á súnmọ́ gíláàsì, ó sì tẹ́ ìka rẹ̀ márààrún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó wà nínú fọ́tò. Ó dúró. Ọmọńdinrín Kamilah wọ́ sínú bí ìwọ̀.

Obìnrin náà wò ó. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi í pamọ́ sínú híjáàbù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ra dòdò sún sẹ́yìn. Sàlámọ̀tù jókòó, ó ń wò ó. Kò sọ pé kó pẹ̀lẹ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun, àní ó fẹ́ kó pẹ́ sí i. Obìnrin náà sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí títì dákẹ́ díẹ̀, Sàlámọ̀tù gbójú sókè wo fọ́tò náà bó ṣe máa ń wò ó lójoojúmọ́, láti mọ̀ bóyá ojú kan lè yọ níbi funfun yẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ojú kan yọ lóòótọ́, ó jókòó sórí ọrùn Raliat bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n dá a sí. Ojú Kamilah ni, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sunkún. Ó di ojú, ó là á. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Kò sọ fọ́tò náà kalẹ̀. Ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo, ó dẹtí sí i.